Ètò ìtọ̀ ń rú mi lójú: ibo ni kí n ti mú un kí ìdánwò MB tó dé?

Ọmọ300

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ti parí ètò ìtọ̀ fún wa ní kíláàsì: anatomy, histology, embryology, physiology, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. MB sì ti sún mọ́lé. Ohun tó ń dà mí láàmú rèé.

Nínú steeplechase (ìdánwò tí a ń lọ láti ibùdó kan sí èkejì), bí wọ́n bá gbé kíndìnrín kan ṣoṣo sórí àwo, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ti ọ̀tún ni àbí ti òsì? Ìṣirò clearance (bí kíndìnrín ṣe ń fọ plasma mọ́) ńkọ́? Ìdáhùn mi máa ń jẹ́ 0.12 níbi tí ìwé ti ní 120. Countercurrent (ọ̀nà tí kíndìnrín fi ń mú ìtọ̀ ki), mo lè kà á lórí, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ti bi mí pé “kí nìdí?” lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Paríparí rẹ̀, ṣé anatomy ni kí n kọ́kọ́ mú ni àbí physiology?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ka ìwé. Ìwé wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ.

Bíléèdì22

Anatomy ni kí o kọ́kọ́ mú. Òun ló kúrú jù, òun ni wọ́n sì ń fi ṣe steeplechase.

Kíndìnrín orí àwo: wá hilum rẹ̀, ibi tó kó sínú yẹn. Ohun mẹ́ta ló ń gba ibẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn: vein, artery, pelvis. Pelvis (àpò kékeré tó ń gba ìtọ̀) ló wà lẹ́yìn pátápátá, òun náà ló ń rọ̀ sísàlẹ̀ tó ń di ureter, ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ lọ sí àpò ìtọ̀. Yí kíndìnrín náà títí pelvis yóò fi wà lẹ́yìn, tí ureter yóò sì dorí kọ ilẹ̀. Wàyí, fojú inú gbé e sí ara rẹ bí ẹni pé tìrẹ ni. Bí hilum bá kọjú sí ọwọ́ òsì rẹ, kíndìnrín ọ̀tún ni. Bó bá kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún, ti òsì ni. Ó tán.

Ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni kéèyàn gbára lé artery nìkan. Artery ti máa ń pín sí ẹ̀ka kó tó wọlé, ẹ̀ka kan nínú wọn sì ń gba ẹ̀yìn pelvis kọjá. Bí ẹni tó gé e kò bá rí ọ̀ràn náà rò, tó gé ureter mọ́ ìdí, wo ara kíndìnrín fúnra rẹ̀: iwájú rẹ̀ yọ ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn tẹ́jú, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ó gùn tó 11 cm, ó fẹ̀ tó 6 cm, ó nípọn tó 3 cm. Láti T12 títí dé L3 (nọ́ńbà egungun ọ̀pá ẹ̀yìn) ló wà, ti ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn, méjèèjì jọra: diaphragm lókè, lẹ́yìn náà psoas, quadratus lumborum àti transversus abdominis, láti inú bọ́ síta. Ìyàtọ̀ tí wọ́n máa ń béèrè ni ti egungun ìhà: ti òsì kan ìkọkànlá àti ìkejìlá, ti ọ̀tún kan ìkejìlá nìkan. Pleura wà lẹ́yìn apá òkè kíndìnrín. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi lè bọ́ sí àyà ẹni tí wọ́n bá gún kíndìnrín rẹ̀ láti òkè jù.

Iwájú ni wàhálà wà. Ọ̀tún: suprarenal, ẹ̀dọ̀, apá kejì duodenum, ìgbọ̀nwọ́ colon ọ̀tún, ìfun kékeré. Òsì: suprarenal, stomach, spleen, pancreas, jejunum, colon òsì. Má há a sórí bí orúkọ ìlú. Yà á sórí bébà lẹ́ẹ̀kan, kun ibi tí peritoneum (awọ inú ikùn) bò àti ibi tí kò bò ní àwọ̀ méjì.

Renal vein òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ torí ó ní láti gba iwájú aorta kọjá, lábẹ́ superior mesenteric artery. Òun ló ń gba gonadal vein òsì àti suprarenal vein òsì. Ti ọ̀tún méjèèjì ń lọ tààrà sínú inferior vena cava ni. Ìbéèrè viva (ìdánwò ẹnu) tó ń tìdí rẹ̀ jáde: kí ló dé tí varicocele (vein wíwú nínú àpò ẹpọ̀n) òsì tó yọjú lójijì lára àgbàlagbà fi ń mú dókítà wá jẹjẹrẹ inú kíndìnrín òsì? Bí o bá ti ya ọ̀nà vein yẹn, ìdáhùn wà lójú rẹ.

MílíLítà125

Mi ò fara mọ́ ọn pé kó parí anatomy kó tó ṣí physiology. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí proximal tubule (apá àkọ́kọ́ ọ̀pá tí ìtọ̀ ń gbà nínú kíndìnrín) ń ṣe, báwo ló ṣe fẹ́ rántí ìdí tí brush border (irun wínníwínní orí sẹ́ẹ̀lì) fi wà níbẹ̀?

Kọ́kọ́ mú àwọn nọ́ńbà yìí, nítorí gbogbo ìyókù ara wọn ni wọ́n rọ̀ mọ́. Ọkàn ń tú nǹkan bí 5,000 ml ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Nǹkan bí 1,100 ml nínú rẹ̀ ló ń wọ kíndìnrín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ kò wọ̀n tó ìdá kan nínú 100 ara. Yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kúrò, ó ku plasma tó tó 600 ml. Nínú 600 yìí, 125 ml ni glomeruli (ìdì capillary tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) ń sẹ́ sínú tubule ní ìṣẹ́jú kan: GFR nìyẹn. 125 pín sí 600, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100: filtration fraction nìyẹn. 125 ní ìgbà 1,440 ìṣẹ́jú, ó di 180 lítà lójúmọ́. Ìtọ̀ tí èèyàn ń tọ̀ kò ju lítà kan sí méjì lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá kíndìnrín kọ́ ni kó ju nǹkan nù. Kó gba nǹkan padà ni, ó sì ń gba ìdá 99 nínú 100 omi yẹn padà.

Ohun tó ń ti omi jáde ní glomerulus: prẹ́ṣọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú capillary, 60 mmHg. Ohun tó ń dá a padà: prẹ́ṣọ̀ inú Bowman’s capsule, 18, àti purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa omi mọ́ra, 32. 60 yọ 18 yọ 32, ó ku 10. Bí òkúta bá dí ureter, 18 yẹn ló ń gòkè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà nù lára aláìsàn, 60 ló ń wálẹ̀. Ìbéèrè méjì tí wọ́n fi ń da gbogbo kíláàsì láàmú ti tán níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ̀ lé sodium nìkan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Proximal tubule ń gba ìdá 65 nínú 100 padà, omi sì ń bá a lọ ní ìwọ̀n kan náà, ìdí nìyẹn tí osmolality (bí omi ṣe ki tó) kò fi yí padà níbẹ̀. Apá tó ń gòkè tó sì nípọn nínú loop of Henle (ibi tí tubule ti tẹ̀ bíi lẹ́tà U), ìyẹn thick ascending limb, ń gba ìdá 25 nípasẹ̀ NKCC2 (ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà tí sodium ń gbà), omi kò lè bá a lọ. Distal tubule ń gba ìdá 5 nípasẹ̀ NCC. Ìyókù wà lọ́wọ́ collecting duct (ọ̀pá ìkẹyìn tó ń kó ìtọ̀ jọ), nípasẹ̀ ENaC, lábẹ́ àṣẹ họ́mónù aldosterone. Bí o bá mọ ibi mẹ́rin yìí, o ti mọ ìdá méjì nínú mẹ́ta pharmacology diuretic (oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀) láìtíì ṣí ìwé rẹ̀.

Ọmọ300

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbé ìṣirò tó ń dà mí láàmú wá: ìtọ̀ wákàtí 24 jẹ́ 1,440 ml. Creatinine inú ìtọ̀ jẹ́ 9.6 mmol/L. Ti inú plasma jẹ́ 80 µmol/L. Mo ṣe 9.6 ní ìgbà 1, mo pín in sí 80, ó di 0.12. Ìwé ní 120 ml/min.

Alága_Ìṣirò

Fọ́múlà rẹ (ti ìtọ̀ × V ÷ ti plasma) dára. V rẹ, ìyẹn ìtọ̀ ìṣẹ́jú kan, náà dára: 1,440 ml nínú ìṣẹ́jú 1,440 jẹ́ 1 ml/min. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mmol lo fi pín sí µmol. Sọ 9.6 mmol/L di 9,600 µmol/L, kí o tún un ṣe: 9,600 × 1 ÷ 80 = 120 ml/min. Nígbàkigbà tí ìdáhùn bá fi 1,000 yàtọ̀, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ pé ìdáhùn rẹ jẹ́ 172,800, ìtọ̀ odidi ọjọ́ kan lo fi sí ipò V láìpín in sí ìṣẹ́jú.

Máa bi ara rẹ bóyá ìdáhùn náà ṣeé ṣe. Clearance ni ìwọ̀n plasma tí kíndìnrín fọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀ pátápátá ní ìṣẹ́jú kan. Plasma tó ń wọ kíndìnrín kò ju 600 ml lọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kò sí clearance tó lè ju ìyẹn lọ. Ti inulin (nǹkan tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi wọn GFR) bá GFR dọ́gba torí wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọn kì í gbà á padà, wọn kì í sì í fi kún un. Ti PAH (èyí tí wọ́n fi ń wọn plasma tó ń wọ kíndìnrín) sún mọ́ 600 torí wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tún fi kún un. Ti glucose jẹ́ òdo lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ti creatinine fi díẹ̀ ju GFR lọ, bí ìdá 10 sí 20 nínú 100, nítorí tubule ń tú díẹ̀ sí i. Tí o bá rí nǹkan tí wọ́n ń sẹ́ láìsí ìdíwọ́, tí clearance rẹ̀ sì kéré sí ti inulin, wọ́n ń gbà á padà nìyẹn.

Èyí tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn: aláìsàn gbàgbé, ó tọ 360 ml sí ilé ìtọ̀ dípò inú kẹ́ẹ̀gì. Ìtọ̀ inú kẹ́ẹ̀gì di 1,080 ml, V di 0.75, clearance di 90. Kíndìnrín kò ṣe nǹkan kan, kẹ́ẹ̀gì ni kò pé. Bí wọ́n ṣe ń gbà á: ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kó dà á nù, kó kọ aago sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìtọ̀ tọ̀sán-tòru wọ inú kẹ́ẹ̀gì, títí kan ti aago kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó ti àárọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, clearance á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ.

ÌdánwòKùDẹ̀dẹ̀

Glucose ńkọ́? Tm (ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí tubule lè gbà padà) jẹ́ 375 mg/min. Bí GFR bá jẹ́ 125, ṣúgà gbọ́dọ̀ dé 300 mg/dL kó tó yọ nínú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ní 180 ni.

Alága_Ìṣirò

Ìṣirò rẹ tọ̀nà, ohun tó fojú fò ni pé nephron (glomerulus pẹ̀lú tubule rẹ̀) ò dọ́gba. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn. Àwọn kan ní glomerulus ńlá pẹ̀lú tubule tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn ni agbára wọn ń kọ́kọ́ pin. 375 jẹ́ àpapọ̀ gbogbo wọn nígbà tí kò bá sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù. Ìtẹ̀kọrọ̀ tó wà nínú àwòrán láàárín 180 sí 300 yẹn ni wọ́n ń pè ní splay. Ìdáhùn viva: “nephron ò rí bákan náà,” kí o dákẹ́.

MílíLítà125

Ó di countercurrent. Ìdí tí kì í fi yé èèyàn ni pé wọ́n máa ń fi àwòrán tó ti parí hàn án, 300 mOsm (ìwọ̀n bí omi ṣe ki tó) lókè, 1,200 nísàlẹ̀, láì fi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn. Mú bébà, ya loop kan, kọ 300 sí gbogbo ara rẹ̀: sínú apá tó ń sọ̀kalẹ̀, sínú apá tó ń gòkè, sí àárín wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: thick ascending limb ń fa iyọ̀ jáde sí àárín. Agbára rẹ̀ ní ààlà, kò lè dá ju ìyàtọ̀ 200 mOsm lọ láàárín inú àti ìta. Nítorí náà inú rẹ̀ di 200, ìta di 400. Ìgbésẹ̀ kejì: apá tó ń sọ̀kalẹ̀ ń jẹ́ kí omi jáde, nítorí náà omi á jáde títí inú rẹ̀ náà á fi di 400. Ìgbésẹ̀ kẹta: omi tuntun tó jẹ́ 300 wọlé láti proximal tubule, ó ti 400 sísàlẹ̀, ó sì yí igun lọ sínú apá tó ń gòkè. Wàyí o, pump yẹn ò bẹ̀rẹ̀ láti 300 mọ́ nísàlẹ̀, láti 400 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún dá ìyàtọ̀ 200 sílẹ̀: inú 300, ìta 500. Máa tún un ṣe. Ìsàlẹ̀ á máa ga sí i, òkè á wà bó ṣe wà. Ṣe é ní ìgbà mẹ́rin pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, wàá rí ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní multiplier: 200 kékeré kan ló ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí ìyókù.

Pump yẹn nìkan kò lè gbé e dé 1,200. Urea ló ń dá nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Collecting duct ń jẹ́ kí urea jáde nísàlẹ̀ medulla (apá inú kíndìnrín) nígbà tí ADH (họ́mónù tó ń dá omi dúró sára) bá wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò jẹ purotéènì tó kì í fi í lè mú ìtọ̀ rẹ̀ ki dáadáa.

Ibi tí ìdánwò ti ń pa èèyàn: omi tó jáde lókè thick ascending limb kì í ṣe èyí tó ki. Ó ti ṣàn, nǹkan bí 100 mOsm, nítorí iyọ̀ ti kúrò, omi sì ṣẹ́kù. Loop kò mú ìtọ̀ ki rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú medulla ki. Ẹni tó ń mú ìtọ̀ ki ni collecting duct, tó gba àárín medulla yẹn kọjá lọ sísàlẹ̀. Bí ADH bá wà, ó ń jókòó sórí V2 receptor, aquaporin 2 á yọ sí ara sẹ́ẹ̀lì, omi á sá jáde, ìtọ̀ á dé 1,200. Bí ADH kò bá sí, ìlẹ̀kùn omi tì, ìtọ̀ á jáde ní 50 mOsm, ó sì lè tó lítà 20 lójúmọ́.

Ìṣirò kan kù tí wọ́n fẹ́ràn. Ara ní láti da nǹkan bí 600 mOsm nù lójúmọ́. Ìtọ̀ kò lè ki ju 1,200 lọ. 600 pín sí 1,200, ó di 0.5 lítà. Kò sí bí omi ṣe lè wọ́n ara tó, kíndìnrín tó dá ṣáṣá kò lè dín ìtọ̀ kù ju ìdajì lítà yẹn lọ kó sì tún kó ìdọ̀tí jáde pátá.

ÌdánwòKùDẹ̀dẹ̀

Vasa recta (òpó ẹ̀jẹ̀ tó bá loop rìn) ńkọ́? Òun náà kọ́ ni countercurrent?

MílíLítà125

Exchanger ni, kì í ṣe multiplier. Kò fa nǹkan kan lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, iyọ̀ ń wọ inú rẹ̀, omi ń jáde. Bó ṣe ń gòkè, òdìkejì ń ṣẹlẹ̀. Nítorí ó rí bíi lẹ́tà U, ó ń fún medulla ní oúnjẹ láì kó iyọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kéré, kò tó ìdá 5 nínú 100 ti gbogbo kíndìnrín, ó sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá yára, á fọ iyọ̀ náà dànù.

Wọ́ọ̀dùÒkè

Ẹ jẹ́ kí n so èyí mọ́ wọ́ọ̀dù, torí nílé wa níbí, ó kan gbogbo ilé. Ibi tí MílíLítà ṣàpèjúwe yẹn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ìrìn pẹ̀lẹ́, iyọ̀ púpọ̀, atẹ́gùn tí kò tó, ni ibi tó burú jù fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS. Sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bí dòjé nínú vasa recta, vasa recta á dí, papilla (ṣóńṣó medulla) á máa kú. Ohun tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni agbára láti mú ìtọ̀ ki. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS fi ń tọ̀ sílé títí dàgbà, tí omi fi ń tètè gbẹ lára rẹ̀ nígbà ooru. Ẹni tó jẹ́ AS pàápàá lè tọ ẹ̀jẹ̀ láti inú papilla yìí kan náà. Bí wọ́n bá bi yín nípa countercurrent ní viva, tí ẹ sì fi SS ṣe àpẹẹrẹ, olùkọ́ á gbórí sókè.

H_àti_E

Histology kò yẹ kó gba àkókò. Lábẹ́ maikirosíkópù, kọ́kọ́ wá glomerulus: bó bá wà, cortex (apá ìta kíndìnrín) lo wà. Lẹ́yìn náà, tubule tó yí i ká: èyí tó pọ̀ jù, tó pupa fòò, tí inú rẹ̀ dà bí ẹni pé nǹkan hù síbẹ̀ tí kò sì mọ́ gaara, proximal ni. Èyí tí kò pọ̀, tí inú rẹ̀ mọ́, tí nucleus rẹ̀ sún mọ́ra, distal ni. Bí distal kan bá fara kan ẹnu glomerulus níbi tí nucleus rẹ̀ ti há mọ́ra, macula densa nìyẹn, má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ torí àmì ìdánwò wà níbẹ̀. Ureter àti àpò ìtọ̀ ní urothelium kan náà, tí sẹ́ẹ̀lì òkè rẹ̀ tóbi bí agboòrùn. Ẹ fi ìrísí ihò yà wọ́n sọ́tọ̀: ihò ureter rí bí ìràwọ̀, iṣan rẹ̀ sì yí i ká létòlétò, ti àpò ìtọ̀ nípọn, iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra láìní ètò.

Ẹni tó bá ń kọ nípa awọ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kó má gbàgbé pé ipele mẹ́ta ni: endothelium oníhò, basement membrane, podocyte. Púpọ̀ ń kọ méjì.

Bíléèdì22

Embryology ní kúkúrú. Kíndìnrín mẹ́ta ló ń yọ ní tẹ̀léntẹ̀lé: pronephros ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mesonephros, lẹ́yìn náà metanephros ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èyí tó dúró. Ẹ pín in sí méjì: ureteric bud ló di ureter, pelvis, calyces àti collecting duct. Metanephric mesenchyme ló di nephron, láti Bowman’s capsule dé distal tubule. Ààlà wọn ni wọ́n máa ń béèrè. Inú ìbàdí ni kíndìnrín ti ń gòkè wá. Bí ìsàlẹ̀ méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ra, inferior mesenteric artery ni yóò dá wọn dúró, horseshoe kidney nìyẹn.

Ureter: nǹkan bí 25 cm, ibi tóóró mẹ́ta: ibi tó ti kúrò lára pelvis, ibi tó ti gun orí iliac vessels kọjá, ibi tó ti wọ inú ògiri àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ ni òkúta ń há sí. Lára obìnrin, uterine artery gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ilé ọmọ. Dókítà tó bá ń so artery yẹn nígbà tó ń yọ ilé ọmọ lè so ureter mọ́ ọn.

ÌdánwòKùDẹ̀dẹ̀

Lórí oògùn: furosemide ń dí NKCC2, thiazide ń dí NCC, spironolactone ń dí ENaC. Ṣé ó pé?

Fúrósẹ̀

Ó kù díẹ̀. Amiloride ló ń dí ENaC fúnra rẹ̀. Spironolactone ń dí receptor aldosterone nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ENaC tuntun kò fi ní jáde. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ń gba ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó hàn. Méjèèjì ń dá potassium dúró, ẹ̀rù rẹ̀ sì nìyẹn lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀. Furosemide àti thiazide ń lé potassium lọ. Calcium ló ya àwọn méjèèjì: furosemide ń dà á nù, thiazide ń dá a padà, ìbéèrè yìí kì í wọ́n nínú ìdánwò.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ ni arteriole méjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn glomerulus. Bí afferent (ti iwájú) bá há, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé dín kù, GFR dín kù. Bí efferent (ti ẹ̀yìn) bá há díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n GFR gòkè torí ọ̀nà àbájáde ti há, filtration fraction náà gòkè. Angiotensin II ń há efferent jù. Prostaglandin ń ṣí afferent. Wàyí, fi aláìsàn kan sí i: àgbàlagbà tó ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń lo thiazide, orúnkún dùn ún, ó ra diclofenac ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì. Diclofenac dí prostaglandin, afferent há. Lisinopril dí angiotensin II, efferent là sílẹ̀. Thiazide ti fa omi kúrò lára. Ohun mẹ́ta ló ti 60 mmHg yẹn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, creatinine á fò sókè. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé aláìsàn yìí láti ẹnu ọ̀nà glomerulus ti mọ renal physiology.

Ọmọ300

Ó ti ń yé mi o! Ìbéèrè ìkẹyìn: wọ́n ní àwọn kan máa ń fi dipstick (ọ̀pá páàdì tí wọ́n ń rì sínú ìtọ̀) ṣe ibùdó kan nínú ìdánwò. Kí ni wọ́n ń wò? Kí ló tún kan àpò ìtọ̀ tí wọ́n ń béèrè?

Wọ́ọ̀dùÒkè

Àpò ìtọ̀, oríṣi nerve mẹ́ta ló ń darí rẹ̀. Parasympathetic láti S2 dé S4 ń fún detrusor (iṣan ara ògiri àpò ìtọ̀) pọ̀. Sympathetic láti T11 dé L2 ń tú u sílẹ̀, ó sì ń ti ẹnu rẹ̀. Pudendal, S2 dé S4 náà, ló wà lábẹ́ àṣẹ wa fún sphincter ìta. Èèyàn ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ìtọ̀ bá ti tó 150 sí 200 ml. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá bàjẹ́ lókè S2, lẹ́yìn tí ìpayà àkọ́kọ́ bá ti kọjá, àpò á máa tú ìtọ̀ fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí S2 dé S4 fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, á kàn kún, á sì máa ro díẹ̀díẹ̀.

Dipstick: ìtọ̀ tuntun, kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta láìsí fíríìjì, nítorí bakitéríà ń sọ urea di ammonia, pH á gòkè. Wo ọjọ́ ara ìgò kó o tó ṣí i, kí o sì dé e padà kíá, ọ̀rinrin ń ba páàdì jẹ́. Rì í, yọ ọ́, fi etí rẹ̀ nu ẹnu kọ́ọ̀pù, tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kí àwọ̀ páàdì kan má ṣàn sínú èkejì. Wo aago. Páàdì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ tí wọ́n kọ sára ìgò, ti leukocyte ló máa ń pẹ́ jù, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù àmì.

Ní àgbègbè wa, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ iléèwé tó ń wẹ̀ lódò gbọ́dọ̀ mú yín rántí Schistosoma haematobium. Àgbègbè ìdídò Òyán ní Ògùn jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbín omi Bulinus ló ń gbé e. Ẹ gba ìtọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán torí ìgbà yẹn ni ẹyin ń jáde jù, ìdí ẹyin náà sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó. Praziquantel, 40 mg fún kílò kan, ni oògùn rẹ̀. Bó bá pẹ́ lára, ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ onísquamous.

Èyí tí kò tíì wọ ọ̀pọ̀ nóòtì ni APOL1. Láti 2010 ni wọ́n ti mọ̀ pé oríṣi méjì gene yìí, G1 àti G2, lórí chromosome 22, ló wà nídìí púpọ̀ nínú àìsàn kíndìnrín tí kì í ṣe ti àtọ̀gbẹ lára àwọn tí orísun wọn jẹ́ Áfíríkà. Láàárín Yorùbá, G1 sún mọ́ ìdá 40 nínú 100 àwọn chromosome tí wọ́n yẹ̀wò. Ẹ̀dà kan ń gbà èèyàn lọ́wọ́ irú trypanosome kan, méjì ló ń mú ewu kíndìnrín pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní méjì kì í ṣàìsàn náà.

Ọmọ300

Bí páàdì ẹ̀jẹ̀ bá wá di àwọ̀ ewé gbàràgàdà, tí maikirosíkópù kò sì rí sẹ́ẹ̀lì pupa kankan ńkọ́?

H_àti_E

Páàdì yẹn kò mọ sẹ́ẹ̀lì, haem (ohun pupa inú haemoglobin àti myoglobin) ló mọ̀. Nítorí náà ó lè jẹ́ haemoglobin láti inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́, bíi ti àìtó G6PD tàbí ibà tó le, ó sì lè jẹ́ myoglobin láti inú ẹran ara tó fọ́. Yí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nínú ẹ̀rọ centrifuge, kí o wo plasma. Bí plasma bá pọ́n, haemoglobin ni. Bó bá mọ́ gaara, myoglobin ni, torí òun kéré, kíndìnrín ti tètè gbé e jáde. Ohun kẹta: ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó sì ṣàn jù, sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú rẹ̀ kó tó dé abẹ́ maikirosíkópù. Béèrè ìgbà tí wọ́n gbà á kó o tó kọ ohunkóhun.